Ọkọ̀ òru tó ń pòórá lójú pátákó ìdarí: ibi tí àṣìṣe wà àti àtúnṣe rẹ̀

Bí ọkọ̀ tó ṣì wà lójú ọ̀nà bá pòórá lójú pátákó ìdarí (dashboard tí a fi ń wo àwọn ọkọ̀) ní kété tí aago 12 òru lù, ẹ má tíì fura sí GPS. Ẹ wo stop_times.txt, fáìlì àkókò tí ọkọ̀ ń dé ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, nínú GTFS, ìlànà tí wọ́n fi ń kọ ètò ìrìn àjò ọkọ̀ èrò sílẹ̀. Ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ tó kọjá ọ̀gànjọ́ máa ń ní àkókò bíi 25:10:00, torí ọjọ́ iṣẹ́ àná ló ṣì jẹ́.

PostgreSQL, ètò dátábéèsì wa, kì í gba TIME (irú dátà tó wà fún àkókò) tó ju 24:00:00 lọ. Kóòdù wa wá gé e sí 01:10, ó sì fi odindi wákàtí 24 gbé ọkọ̀ náà sẹ́yìn.

Mo sọ òpó àkókò náà di integer (nọ́ńbà odidi) tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá: 25:10:00 di 90600. Láti ọ̀sán gangan, ká yọ wákàtí 12, ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti ọ̀gànjọ́. Èyí ṣe pàtàkì gan-an níbi tí wọ́n ti ń yí aago padà lọ́dún, torí lọ́jọ́ náà méjèèjì fi wákàtí kan yàtọ̀.

Lẹ́yìn náà, ìbéèrè sí dátábéèsì gbọ́dọ̀ wo ọjọ́ iṣẹ́ àná pẹ̀lú tòní, calendar_dates.txt, fáìlì àwọn ọjọ́ tí ètò ìrìn àjò yàtọ̀, náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Nínú GTFS Realtime, ẹ̀ka GTFS tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn lọ́wọ́lọ́wọ́, ọjọ́ àná ni start_date (ọjọ́ iṣẹ́ tí ìrìn àjò náà jẹ́) gbọ́dọ̀ gbé.

Ẹ fi ìrìn àjò 23:50 sí 25:10 dán an wò ní aago 00:30.