Láptọ́ọ̀pù géèmù tó ń gbóná: ẹ fi gbèdéke sí fírémù

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá géèmù lórí láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tó náwó sórí fáànù tí wọ́n ń gbé láptọ́ọ̀pù lé, ẹ kọ́kọ́ fi gbèdéke sí iye fírémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan) tí géèmù ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ NVIDIA ló ṣe GPU yín (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán géèmù), ẹ ṣí NVIDIA Control Panel, ẹ wọ Manage 3D settings, ẹ wá Max Frame Rate, ẹ tàn án, ẹ kọ 60 síbẹ̀, kí ẹ tẹ Apply. Lórí AMD, Radeon Chill ni kí ẹ wá. Tí ẹ kò bá dá GPU lẹ́kun, gbogbo agbára rẹ̀ ló máa ń lò: ó lè ya fírémù 120 tàbí 150, bẹ́ẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà 60Hz (tó ń pààrọ̀ àwòrán nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kò lè fi ju 60 hàn. Iṣẹ́ àṣedànù ni ìyókù, ooru rẹ̀ ló sì ń jó yín lọ́wọ́ yẹn. Kódà lójú mẹ́nù lásán, tí ẹnikẹ́ni kò tíì yìnbọn, fáànù á ti máa ké bíi jẹnẹrétọ̀! Tí ojú kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ 144Hz, ẹ lè fi í sí 90. Ooru á ṣì dín kù. Àmọ́ tí géèmù náà kò bá tiẹ̀ lè dé 60 tẹ́lẹ̀, èyí kò ní yí nǹkan kan padà. Tí eruku bá sì ti dí ihò afẹ́fẹ́ pa, èyí nìkan kò ní tó: àfi kí ẹ tú u, kí ẹ gbọn eruku rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ thermal paste (ìpara tó ń gbé ooru kúrò lára GPU) tó ti gbẹ.