Bí mo ṣe ya àgùnfọn Pirosmani sórí aṣọ dúdú

Àwòrán àgùnfọn kan wà ní National Gallery ní òpópónà Rustaveli ní Tbilisi, olú ìlú Jọ́jíà, orílẹ̀-èdè tó wà létí Òkun Dúdú. Ẹranko náà dúró gbagidi, ara rẹ̀ funfun, àmì dúdú kún un látòkè délẹ̀. Ó kọjú sí ẹni tó ń wò ó, ojú méjèèjì tóbi, wọ́n sì dúdú kirikiri. Niko Pirosmani ló yà á ní nǹkan bí ọdún 1905. Kò sí ilé-ìwé tí ọkùnrin náà ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán rí.

Iṣẹ́ sáìnráítà ni mo kọ́ ní Ìbàdàn kí n tó wá kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn níbí, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní ìlú yìí. Ohun tí mo sì ń gbọ́ nípa Pirosmani látìgbà tí mo ti dé ni pé òtòṣì ni, pé ọ̀mu ni, pé ó ná gbogbo ohun tó ní sórí òdòdó nítorí obìnrin kan tó ń ṣeré lórí ìtàgé. Wọ́n ń káàánú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ mọ̀. Mo pinnu láti ṣe ẹ̀dà àgùnfọn náà lọ́nà tí òun fi ń ṣiṣẹ́, lórí aṣọ dúdú.

Abúlé Mirzaani ní Kakheti, níbi tí ọgbà àjàrà pọ̀ sí, ni wọ́n bí i sí ní 1862. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n kú nígbà tó ṣì kéré, ìdílé kan tó rí jẹ ní Tbilisi, ìdílé Kalantarov, ló sì tọ́ ọ dàgbà. Abẹ́ ìjọba ọba Rọ́ṣíà ni Jọ́jíà wà nígbà náà. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Gigo Zaziashvili, dá ṣọ́ọ̀bù sáìnráítà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi kógbá wọlé. Ó ṣiṣẹ́ rélùwéè, ó ta wàrà. Ìgbà tó yá, ọ̀dà nìkan ló kù tó ń ṣe. Àwọn tó ni ilé ọtí, èyí tí wọ́n ń pè ní dukhan, ni oníbàárà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pátákó síta á pè é, ẹni tó bá fẹ́ àwòrán àsè tàbí ti ẹran sára ògiri náà á pè é. Wọ́n á fún un ní oúnjẹ, ọtí, ibi tó máa sùn àti owó ọ̀dà.

Ìtàn kan wà tí gbogbo èèyàn máa ń sọ níbí, pé aṣọ orí tábìlì ilé ọtí ló ń yàwòrán sí torí pé kò rówó ra kánfáàsì. Lẹ́yìn tí mo ti fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, mi ò gba ìtàn yẹn gbọ́ mọ́. Aṣọ òwú tí wọ́n fi òróró àti ọ̀dà dúdú kùn títí tó fi ń dán ni aṣọ náà. Ó ya àwọn iṣẹ́ mìíràn sórí páálí àti páànù, ṣùgbọ́n aṣọ dúdú yìí ló ń padà sí. Ẹni tó bá mọ ohun tí aṣọ yẹn ń ṣe fún ọ̀dà á mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń fara mọ́ nítorí àìní.

Aṣọ orí tábìlì tí wọ́n ń tà ní ọjà lónìí kò wúlò fún un. Rọ́bà gidi ni, bí ọ̀dà bá gbẹ lórí rẹ̀, á máa ṣí kúrò ní pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ ni. Nítorí náà mo ṣe tèmi fúnra mi. Mo ra aṣọ òwú tó nípọn, mo nà án mọ́ férémù igi, mo fi ìṣó kékeré kàn án lẹ́yìn yípo, láti àárín lọ sí igun, kó má bàa dẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi ọ̀dà funfun olómi tẹ́ ẹ, torí pé òróró máa ń jẹ òwú tó bá wà ní ìhòòhò. Nígbà tó gbẹ, mo fi sáńpépà ha á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo po ọ̀dà dúdú pọ̀ mọ́ òróró lìnsíìdì díẹ̀, mo kùn ún bo gbogbo rẹ̀, mo dúró kó gbẹ, mo tún un kùn. Ẹ má kánjú níbí o. Bí ìsàlẹ̀ kò bá tíì gbẹ dénú, funfun tẹ́ ẹ bá fi sórí rẹ̀ á di eérú.

Láàárín ìgbà tó ń gbẹ, mo máa ń lọ sí gallery pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù, mo ń ya àmì ara àgùnfọn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí méjì tó dọ́gba nínú wọn. Àwọn tó wà lọ́rùn kéré, wọ́n sún mọ́ra, àwọn tó wà ní ìhà fẹ̀, àyè sì wà láàárín wọn. Nílé, ṣọ́ọ̀kì funfun ni mo fi fa ìlà ẹranko náà sórí aṣọ. Ìyẹn rọrùn, torí omi ló máa nu ṣọ́ọ̀kì kúrò.

Ìgbà tí mo gbé búrọ́ọ̀ṣì ni mo wá mọ irú èèyàn tí mò ń tẹ̀ lé. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ lórí páànù funfun, dúdú ni mo máa ń fi parí iṣẹ́: mo máa kun àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ṣáájú, màá wá fi dúdú fa etí rẹ̀, màá fi ṣe òjìji. Lórí aṣọ dúdú, òjìji ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ìmọ́lẹ̀ lẹ máa fi kún un. Bí Pirosmani ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: níbi tó bá ti fẹ́ dúdú, kì í kun nǹkan kan síbẹ̀, aṣọ náà ló ń fi sílẹ̀. Nítorí náà, n kò kun ọ̀kankan nínú àmì ara àgùnfọn mi. Ara tó yí wọn ká ni mo kùn, tí mo ń yẹra fún àmì kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń bọ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ ti rí gbogbo àwòrán náà lọ́kàn kó tó fi ọwọ́ kan ibì kan, torí ibi tí funfun bá ti bà, dúdú ibẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ lè fi ọ̀dà dúdú bò ó padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń hàn. Kì í dán bákan náà.

Nǹkan mìíràn tún wà. Bí funfun bá fẹ́lẹ́ lórí dúdú, kì í ṣe eérú ló máa ń dà, ó máa ń fà sí búlúù. Mo rí i níbi ọrùn, níbi tí ọ̀dà ti fẹ́ tán lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì: búlúù tútù kan yọ níbẹ̀ tí n kò pò. Ọ̀dà funfun nìkan ló wà nínú àwo. Mo dáwọ́ dúró, mo wò ó títí. Látìgbà náà ni mo ti ń ki funfun nípọn níbi tí mo bá fẹ́ kí ara ẹranko náà yọ síta, tí mo sì ń fà á fẹ́lẹ́ níbi tí mo bá fẹ́ kó sá sẹ́yìn. Ọ̀dà kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ méjì. Ọkùnrin tó ń gba owó ọ̀dà lọ́wọ́ onílé ọtí mọ iyì irú nǹkan báyìí.

Mo ya fọ́tò iṣẹ́ náà kó tó parí, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi ní Ìbàdàn lórí WhatsApp, pẹ̀lú fọ́tò ti Pirosmani gangan. Wọ́n pè mí padà lójú ẹsẹ̀.

“Ta ló kọ́ bàbá yìí níṣẹ́?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, sà. Àwọn ni wọ́n kọ́ ara wọn.”

“Rárá o. Àwọn oníbàárà ló kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń kọ pátákó fún ẹlẹ́ran, ẹran yẹn gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹran lójú ẹni tó ń kọjá lọ.”

Wọ́n ní kí n fi ojú àgùnfọn náà sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Aṣọ lásán ni ojú náà, tí funfun yí ká, àti ìlà tín-ínrín kan lókè rẹ̀.

Kí ó tó gbẹ, mo lọ sí ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè, ní òpópónà tí wọ́n fi orúkọ Pirosmani pè báyìí. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé náà ló ń gbé nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ibẹ̀ kéré, ó ṣókùnkùn. Ní 1912, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta, Mikhail Le Dentu àti àwọn ọmọ ìyá kan náà, Kirill àti Ilia Zdanevich, rí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé ọtí ní Tbilisi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ sí ìpàtẹ kan ní Moscow. Ní 1916, Dimitri Shevardnadze àti àwọn ayàwòrán Jọ́jíà yòókù pè é sí ìpàdé wọn. Ìmọ̀ràn tó mú wá ni pé kí wọ́n kọ́ ilé igi ńlá kan sáàárín ìlú, kí wọ́n ra tábìlì ńlá àti ìkòkò tíì, kí gbogbo wọn máa jókòó máa mu tíì, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìwé ìròyìn kan fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún wọra. Ó kú ní April 1918. Kò sẹ́ni tó mọ ibojì rẹ̀ dájú. Inú ń bí mi sí àwòrán ẹ̀fẹ̀ yẹn dòní. Ẹni tó ní kí ẹ wá ká jọ jókòó!

Nǹkan bí 200 nínú iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ́kù. Àwòrán òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ sórí owó bébà lari kan, ìyẹn owó Jọ́jíà.

Mo ti na aṣọ mìíràn sórí férémù. Apẹja tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa tó gbé ẹja lọ́wọ́ ni mo fẹ́ yà tẹ̀ lé e. Pupa kì í tàn lórí dúdú, àfi téèyàn bá kọ́kọ́ tẹ́ funfun sábẹ́ rẹ̀. Màá padà lọ wo etí ṣẹ́ẹ̀tì náà dáadáa ní gallery, kí n wò ó bóyá funfun yọ níbẹ̀.