Àṣìṣe tí Ó Ń Jẹ Owó Àwọn Ọmọ Tuntun Nínú Ìdíje Póka

Owó ìwọlé tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń sọ nù nídìí ìdíje póka, ní Tanke nílùú Ìlọrin níbí àti ní Ọ̀fà lọ́hùn-ún, ti ń dùn mí jù. Owó oúnjẹ ni púpọ̀ nínú wọn fi ń wọlé. Kì í sì í ṣe pé wọn ò mọ káàdì. Wọ́n mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ta á nígbà tí ènìyàn 20 wà nínú ìdíje náà ni wọ́n ń tà á nígbà tó ku mẹ́rin. Ará Ọ̀fà tó mọ ìjàkadì mọ̀ pé ọwọ́ tí a fi ń dán ẹni wò kọ́ la fi ń dá a.

Bí ẹ ò bá tíì mọ ohun tó ń jẹ́ big blind, tàbí èyí tó ju èkejì lọ láàárín flush àti straight, ẹ lọ kọ́ ìyẹn ná. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tà, tó sì ń fi àpò òfìfo relé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ni mò ń bá wí.

Irú ìdíje tí àwa ń ṣe ni mo máa fi ṣàlàyé. Ènìyàn 20, ₦5,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, chips 5,000 (ike tí a fi ń ta dípò owó) lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Small blind 25, big blind 50, ìyẹn chips tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí wọ́n tó rí káàdì, la fi ń bẹ̀rẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ di ₦100,000: ẹni kìíní gba 50,000, ẹni kejì 30,000, ẹni kẹta 20,000. Ẹni kẹrin ò gba nǹkan kan.

1. Ìkánjú ní ìbẹ̀rẹ̀

Ẹnì kan rí AK (A kan àti K kan) ní ìpín kejì, ó ti pariwo "all-in", ó da gbogbo chips rẹ̀ sílẹ̀. Kí ló wà nílẹ̀ tó fẹ́ kó? Chips 75 péré. Ó fi 5,000 wá 75. Bí gbogbo wa bá ju káàdì wa nù, 75 náà ló jẹ. Bí ẹnì kan bá sì tẹ̀lé e, tó fi iye kan náà sílẹ̀, ta ló fẹ́ jẹ́ bí kì í bá ṣe ẹni tó ní AA tàbí KK lọ́wọ́? Ní wákàtí àkọ́kọ́, ìlọ́po 100 big blind lẹ ní. Àsìkò yẹn ló yẹ kí ẹ máa fi owó táṣẹ́rẹ́ wo káàdì tó lè mú èrè ńlá wá. Ẹ gba 44 tàbí 55, ẹ fi díẹ̀ wò ó. Bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 8 tàbí 9 ni ìkẹta rẹ̀ máa ń jáde nínú káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá jáde, ẹ lè gba gbogbo chips ẹni tó rò pé AA òun ló tóbi jù. Bí kò bá jáde, ẹ jù ú nù.

44 kan náà yẹn, nígbà tó bá ku big blind 10 lọ́wọ́ yín, kò sí wíwò mọ́. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kí ẹ jù ú nù. Ẹ má tẹ̀lé owó ẹlòmíràn lásán pẹ̀lú rẹ̀, torí chips tó máa san ìdúródè yín ò sí níbẹ̀ mọ́.

2. Kíka chips dípò big blind

Ẹni tó ní 10,000 nígbà tí big blind jẹ́ 100 àti ẹni tó ní 10,000 nígbà tó jẹ́ 1,000 kì í ṣe ẹgbẹ́. Gbogbo ìgbà tí blind bá gòkè ni kí ẹ tún fi big blind pín chips yín.

3. Dídúró de AA

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, sùúrù ni mò ń ṣe." Ẹ jẹ́ ká wo sùúrù náà. Blind ti dé 500 àti 1,000, ante 1,000, ìyẹn àfikún lórí blind, sì tún wà lórí ẹni tó ni big blind. Ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, chips 2,500 ti wà nílẹ̀. Ẹ̀yin ní 10,000. Ẹni mẹ́jọ ló yí tábìlì ká, torí náà gbogbo ìgbà tí káàdì bá yí kiri tán, 2,500 ti kúrò lọ́wọ́ yín láìta nǹkan kan. Ìyípo mẹ́rin, ó tán. Ìpín 32 nìyẹn. AA ẹ̀wẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìpín 221 ló máa ń wá. Kí lẹ wá ń dúró dè?

Bí gbogbo wọn bá ti ju káàdì nù kó tó kàn yín, tí ẹ sì wà lára àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, A8 tó, KQ tó, 66 tó. Ẹ da 10,000 náà sílẹ̀. Bí wọ́n bá sá, 12,500 lẹ ní báyìí, ìdá mẹ́rin ohun tí ẹ ní ló tún wọlé. Bí ẹnì kan bá tẹ̀lé yín, káàdì yín ṣì lè borí. Ọ̀nà méjì lẹni tó kọ́kọ́ dà á sílẹ̀ ní láti jẹ ẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo lẹni tó tẹ̀lé e ní. Ìdí nìyẹn tí A8 fi dára láti fi kọlu ènìyàn, tí kì í sì í ṣe káàdì tí a fi ń tẹ̀lé ẹni tó kọlu wa.

4. Ẹ má fi ìbínú ra chips lẹ́ẹ̀kejì.

5. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìdíje orí fóònù nígbà tí bátìrì bá ń kú lọ, tí iná ò sì sí ládùúgbò. Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, blind yín ò ní yé lọ.

Àwọn tó ń wo fídíò náà wà. Ẹ ti gbọ́ ìtàn Chris Moneymaker, ará Amẹ́ríkà tó fi dọ́là 86 wọ ìdíje kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó tibẹ̀ bọ́ sínú World Series of Poker ọdún 2003, tó sì gba ipò kìíní láàárín ènìyàn 839 tó wọlé, tó gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Gbogbo ọmọ tuntun ló mọ irọ́ tó pa fún Sammy Farha: K nìkan ló tóbi lọ́wọ́ rẹ̀, ó da gbogbo chips sílẹ̀, Farha tó ní 9 méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan nílẹ̀, sì sá. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ó ku àwọn méjì péré nídìí tábìlì nígbà yẹn, àti pé Farha jẹ́ ògbóǹtarìgì tó lè ju káàdì nù. Ẹ wá ń pa irú irọ́ yẹn ní wákàtí àkọ́kọ́ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò tíì ju 9 méjì nù rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ẹni tí kì í sá ò ṣeé lé.

Ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú jù lọ ni ti ìgbà tí owó bá ti fẹ́ wọlé. Torí pé ₦5,000 la fi ra chips 5,000, ọmọ tuntun gbà pé chip kan, náírà kan ni títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó ku ẹni mẹ́ta. Ọ̀kan ní chips 50,000, èkejì 30,000, ẹ̀kẹta 20,000. Kò sí ẹni tó máa gbà tó dín ní ₦20,000, torí náà ₦60,000 ti di tiwọn, ₦40,000 tó kù ni wọ́n ń du. Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní ICM máa ń wo bó ṣe ṣeé ṣe tó kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ipò kìíní, ìkejì tàbí ìkẹta, gẹ́gẹ́ bí chips rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bí ẹ bá ṣe é, ẹni tó ní 50,000 ò ní ₦50,000. Bíi ₦38,400 ló ní. Ẹni tó ní 30,000, ₦32,750. Ẹni tó ní 20,000, tí gbogbo yín ń wò bí ẹni tó ti kú, bíi ₦28,850 ló ní.

Ẹni tó ní 50,000 wá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ní 30,000 ń rò ó bóyá kí òun tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ ká yọ owó blind kúrò níbẹ̀. Bó bá borí, chips rẹ̀ di 60,000, owó rẹ̀ di ₦41,000: èrè ₦8,250. Bí wọ́n bá borí rẹ̀, ó gba ₦20,000, ó dìde: àdánù ₦12,750. Chips tó fẹ́ jẹ àti èyí tó lè pàdánù dọ́gba, owó wọn ò dọ́gba. Kó tó yẹ kó tẹ̀lé e, káàdì rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè borí ju ìgbà 60 nínú 100 lọ. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ńkọ́? Bí ẹni tó ní 30,000 bá jáde, tirẹ̀ fò láti ₦28,850 sí ₦34,000, kò sì fọwọ́ kan káàdì.

Bó bá ku ẹni mẹ́rin, tí ẹni kẹrin ò ní gba nǹkan kan, ó le ju èyí lọ. Ọmọkùnrin kan wá láti Òmù-Àrán, ó ta káàdì dáadáa láti ìrọ̀lẹ́. Ó ku mẹ́rin. Ẹni tó lówó jù ní 55,000, òun ní 28,000, ẹnì kan ní 15,000, ẹni tó kẹ́yìn sì ní 2,000. Big blind jẹ́ 2,000. Ẹni 2,000 yẹn ti ju káàdì nù, òun ló sì máa san big blind ní ìpín tó tẹ̀lé e, ìyẹn gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní 55,000 da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ Òmù-Àrán wo AJ rẹ̀, ó tẹ̀lé e. Èkejì ṣí 8 méjì. Kò sí A, kò sí J nínú káàdì márùn-ún. Ó dìde lọ́wọ́ òfo, ẹni 2,000 sì gba ₦20,000.

Mo bi í léèrè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ ò rí AJ mi ni?" Mo ní mo rí AJ. Mo sì rí 2,000 tó wà níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò ó káàkiri tábìlì? Rárá. Káàdì ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń wò. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kí owó wọlé, ẹ ka chips gbogbo ènìyàn kí ẹ tó wo ti ọwọ́ yín. Ẹ wo ẹni tí big blind ń bọ̀ wá bá. Bí ẹnì kan bá ń kú lọ, tí ẹ̀yin sì wà ní àárín, AJ kì í ṣe káàdì láti fi kọlu ẹni tó lè lé yín jáde. Ẹ kọlu ẹni tó ní 15,000, torí òun náà ń bẹ̀rù ohun tí ẹ̀ ń bẹ̀rù.

Tí ẹ bá wá jẹ́ ẹni tó ní 55,000, kí lẹ ń ṣọ́ ara yín fún? Àsìkò yín nìyẹn. Ẹ gbé owó sókè ní gbogbo ìgbà tí ẹni àárín bá ni big blind. Mo ti rí olówó tábìlì tó jókòó bí àlejò títí àwọn yòókù fi bá a dọ́gba, ó sì ká mi lára ju ti ẹni tó jáde lọ.

Bó bá wá ku méjì, ẹ da gbogbo ìbẹ̀rù yẹn nù. Ẹni tó ni button (àmì ẹni tó ń pín káàdì) ló ń san small blind, òun ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí káàdì tó ṣí, òun ló sì ń kẹ́yìn lẹ́yìn náà. ₦30,000 ti di ti ẹnì kọ̀ọ̀kan yín, ₦20,000 ló kù nílẹ̀, chips sì jẹ́ 100,000. Chip kọ̀ọ̀kan di 20 kọ́bọ̀ gééré, èyí tí ẹ jẹ àti èyí tí ẹ pàdánù wá dọ́gba. A2 tí ẹ ti ń jù nù láti ìrọ̀lẹ́ ń borí káàdì tí a ò mọ̀ ní bí ìgbà 55 nínú 100. Q7 pàápàá ju ìdajì lọ díẹ̀. Ẹ gbé e sókè.