Òòfà ọ̀ṣọ́ aláṣà steampunk: àwọn àṣìṣe tó ń bà á jẹ́

Ọ̀ṣọ́ steampunk máa ń ṣe bí ẹni pé ayé ẹ̀rọ olóoru ti ọ̀rúndún 19 kò kọjá rí: idẹ, bàbà, kẹ̀kẹ́ eléyín inú aago, dígí roboto. Àwọn nǹkan wọ̀nyí wúwo. Ẹni tó bá fi ẹ̀yà aago to ère òwìwí kékeré parí kó tó rántí òòfà tí yóò gbé e dúró máa rí i lára ilẹ̀kùn fíríìjì: òwìwí náà á máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí á fi já bọ́.

Má ṣe gbára lé iye kílò tí wọ́n kọ sára páálí òòfà. Orí irin tó nípọn ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì fà á tààrà. Ilẹ̀kùn fíríìjì tinrin, ó ní ọ̀dà lára, ìsàlẹ̀ sì ni ẹrù ń fà sí. Lójú irin dídán, bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára yẹn ló máa ń kù, nígbà míì kò tó bẹ́ẹ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ tí kò ju 0.5mm lọ níwájú òòfà kì í jẹ́ kó yọ̀. Aṣọ tó nípọn kì í ṣe irú iṣẹ́ yìí. Òòfà tó bá ti jìnnà sí irin, bó ti wù kó kéré tó, agbára rẹ̀ ti dín kù gan-an. Bí ọ̀ṣọ́ bá gùn, fi òòfà méjì sí i, kí ọ̀kan wà lókè níbi tó wúwo jù.

Èyí tó ń dun èèyàn jù ni ti ààrò. Nǹkan bí 130°C ni wọ́n ń yan amọ̀ polymer (amọ̀ oníke tí wọ́n fi ń mọ ọ̀ṣọ́), bẹ́ẹ̀ òòfà neodymium lásán, ìyẹn òòfà kékeré tó lágbára gan-an, ti ń pàdánù agbára bó bá ti kọjá 80°C. Bí o bá yan wọ́n pọ̀, amọ̀ á jáde dáadáa, agbára òòfà á ti dín kù gan-an. Fi òòfà tẹ ihò sínú amọ̀, yọ ọ́, yan amọ̀, jẹ́ kó tutù, kí o tó lẹ̀ ẹ́ padà.

Gọ́ọ̀mù gbígbóná kì í di níkẹ́lì dídán tó bo òòfà mú. Á ṣí kúrò bí èèpo. Super glue á dì, ṣùgbọ́n bí òòfà bá gbá irin pàá, ó lè sán, èéfín rẹ̀ sì máa ń mú dígí funfun. Epoxy onígò méjì, gọ́ọ̀mù tí a ń po pọ̀ kó tó dì, ló dára. Fi sáńpépà ra ẹ̀yìn ọ̀ṣọ́, má fi ha òòfà, torí bí níkẹ́lì bá bó, inú rẹ̀ á dípẹtà. Fi sípírítì nu méjèèjì, lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí o fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Má kó àwọn ọ̀ṣọ́ tó ti ní òòfà sún mọ́ra kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ: wọ́n á fò lẹ̀ mọ́ra wọn, gọ́ọ̀mù á sì ta sí gbogbo ibi.

Bí o bá fẹ́ kí idẹ dà bí ògbólógbòó, fínígà àti iyọ̀ á ṣe é, ṣùgbọ́n ṣe é kí òòfà tó débẹ̀, kí o sì fi omi ṣàn án dáadáa.

Aago àtijọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn, pàápàá ti àwọn ọdún 1910 sí 1960, ó lè ní radium, èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde. Bí kò bá tàn mọ́, ìtànṣán rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Má ha á, má fi sáńpépà kàn án. Yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí o fẹ́ lò.

Má sì ta òòfà neodymium kéékèèké fún ilé tó ní ọmọdé. Bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n á fa ara wọn nínú ìfun, wọ́n á sì lu ú. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Ẹni tó ní pacemaker, ẹ̀rọ tó ń darí lílu ọkàn, láyà gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 15cm jìnnà sí i.