Mo Fi Báírò Méjì Ka Ìwé Ìyapa South Carolina

Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tí wọ́n jà láti 1861 sí 1865, kì í ṣe tìtorí ẹrú. Ó ní owó ibodè àti ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Mi ò bá a jiyàn. Mo ní kí n lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà gan-an.

Ti South Carolina ni mo kọ́kọ́ mú. Ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1860 ló kúrò lára Amẹ́ríkà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ló gbé ìwé jáde láti fi ṣàlàyé ara rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo mú báírò méjì: pupa fún ibi tí ọ̀rọ̀ ẹrú bá ti jẹ yọ, búlúù fún owó ibodè.

Ìtàn bí wọ́n ṣe gbòmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló wà níbẹ̀rẹ̀. Mo yára kọjá. Ìgbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ẹrú tó sá ni ojú mi là. Òfin ilẹ̀ wọn ti 1787 ní kí wọ́n dá ẹrú tó bá sá lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn padà fún olówó rẹ̀. South Carolina sọ ọ́ láìfi bò pé bí kò bá sí ti gbólóhùn yẹn ni, àwọn ì bá má bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú. Ló bá ń to orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá lẹ́sẹẹsẹ, Maine, Vermont, Massachusetts, pé wọ́n ṣòfin tó ta ko èyí. Ó ní ilé ẹjọ́ New York ò tiẹ̀ jẹ́ kí olówó ẹrú mú ẹrú rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún ibẹ̀ kà. Ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ tí ọ̀rẹ́ mi ń wí, Àríwá ló ń lò ó, tí wọ́n kọ̀ láti máa dọdẹ ènìyàn. Ohun tó ń bí Gúúsù nínú nìyẹn!

South Carolina tún fẹ̀sùn kan ọkùnrin kan tí wọ́n dìbò yàn sípò ààrẹ, pé inú rẹ̀ ò dùn sí oko ẹrú. Lincoln ni, àmọ́ wọn ò dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Lincoln ò sọ pé òun máa tú ẹrú sílẹ̀ ní Gúúsù nígbà yẹn. Ó kàn ní oko ẹrú ò gbọ́dọ̀ tàn dé ilẹ̀ tuntun ní ìwọ̀ oòrùn ni. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tuntun yìí ni wọ́n ti ń fà látìgbà tí wọ́n ti ṣe àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ ẹrú ní Missouri ní 1820. Nígbà tí wọ́n sì ní kí àwọn ará Kansas fúnra wọn pinnu bóyá ẹrú á wà lọ́dọ̀ wọn, lẹ́yìn òfin 1854, ẹ̀jẹ̀ ló fi ta sílẹ̀ níbẹ̀.

Báírò búlúù mi ò ṣiṣẹ́ kankan. Mi ò rí owó ibodè. Owó orí tí mo rí, orí ẹrú náà ni wọ́n ti ń gbà á: ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún iye wọn.

Mississippi, ìpínlẹ̀ Gúúsù mìíràn tó ya kúrò, ò tiẹ̀ yí ọ̀rọ̀ po. Níbẹ̀rẹ̀ ìwé tirẹ̀ ló ti sọ pé oko ẹrú ni ìdúró òun, pé kò sí ọrọ̀ tó tó o láyé.

Ẹrú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin ní Amẹ́ríkà ní 1860. Mo wá orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn nínú ìwé méjèèjì. Kò sí.

Mo gbé bébà náà fún ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú ìlà pupa rẹ̀. Ó kà á tán, ó ní kí n bá òun wá ti Georgia àti Texas.