Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Fi Àdán Wé Àfòpiná

Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi ẹ̀yà àdán kan wé ẹ̀yà àfòpiná kan kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan dípò èkejì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yà àdán tí ó wà láyé lé ní 1,400, ti àfòpiná sì lé ní 100,000, nítorí náà kí òǹkọ̀wé dárúkọ èyí tí ó ní lọ́kàn kí ó tó kọ gbólóhùn kejì. Àpẹẹrẹ tèmi ni Eptesicus fuscus, tí í ṣe àdán, àti Actias luna, àfòpiná aláwọ̀ ewé tí ìrù gígùn méjì ń fì lẹ́yìn rẹ̀. Àríwá Amẹ́ríkà ni a ti ń rí àwọn méjèèjì.

Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ìyẹ́ wọn jọra torí pé àwọn méjèèjì ń fò lóru. Ọwọ́ gan-an ni ìyẹ́ àdán, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó nà láàárín egungun ìka. Ìyẹ́ mẹ́rin tí àfòpiná ní kò ní egungun kankan. Ìpẹ́ wínníwínní ni ó bò ó, òun ni ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹni bí ìyẹ̀fun.

Èyí tí ó burú jù lójú mi ni ti etí. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ àfòpiná ní etí, tí wọ́n sì máa ń yà bàrá bí wọ́n bá ti gbọ́ igbe tí àdán fi ń dọdẹ (gbohùngbohùn igbe náà ni àdán fi ń mọ ibi tí ohun ọdẹ wà), ṣùgbọ́n Actias luna kò ní etí rárá. Ìrù rẹ̀ ni ó ń gbà á: bí ó ti ń fò, ìrù náà ń yí bírí, gbohùngbohùn igbe àdán á ta padà láti ara rẹ̀, àdán á sì já ìrù jẹ dípò ara. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2015, Eptesicus fuscus mú nǹkan bí 35 nínú 100 àwọn tí ìrù wọn pé, ó sì mú nǹkan bí 81 nínú 100 àwọn tí a ti gé ìrù wọn. Ẹni tí ó bá fún irú àfòpiná yìí ní etí ti ba àfiwé rẹ̀ jẹ́ látilẹ̀.

Ti oúnjẹ kò gba àlàyé púpọ̀. Àdán yìí ń jẹ kòkòrò, ṣùgbọ́n Actias luna kì í jẹ ohunkóhun mọ́ láti ìgbà tí ó bá ti hu ìyẹ́ títí yóò fi kú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ewé tí ó jẹ nígbà tí ó ṣì ń rákò ni ó ń ná. Bí a bá wá ya àtẹ àfiwé, kí a kọ «kì í jẹun» síbẹ̀, kí a má ṣe fi omi òdòdó dí àlàfo náà.