Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí títún bọ́dì Land Rover àtijọ́ ṣe nílé

Tí òjò bá ti dé ní Èkìtì, kì í pẹ́ tí Land Rover tí wọ́n kùn lẹ́ẹ̀rùn fi máa ń yọ ìléròrò lábẹ́ ọ̀dà. Ẹni tó ni ín á máa bínú pé ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fóun. Ọ̀dà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Irin tó ti jẹrà ni wọ́n kùn mọ́lẹ̀, owó tó yẹ kó ra páànù sì ti bá ọ̀dà olówó ńlá lọ. Ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń tú bóòtù tó gan àti bí a ṣe ń di gíráńdà mú ni mò ń bá sọ̀rọ̀. A ò ní padà sí ABD.

1. Ẹ má ra ohunkóhun kí ẹ tó mọ ohun tó wà níwájú yín. Lára Land Rover Series, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1948, alumíníọ̀mù ló pọ̀ jù nínú ara ọkọ̀ tí ojú ń rí. Ohun tí ìpẹtà ń jẹ ni ṣaasí (egungun irin abẹ́ ọkọ̀), ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀, àti férémù ilẹ̀kùn. Ti Toyota FJ40, jíìpù àtijọ́ mìíràn, yàtọ̀: irin ni bọ́dì tiẹ̀, àfi òrùlé onífáíbà. Ẹ yọ mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e, kí ẹ máa fà á lọ lára ọkọ̀. Tó bá já bọ́ lára ilẹ̀kùn FJ40, pọ́tì, lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò bọ́dì, ni ẹnì kan ti kó síbẹ̀. Tó bá já bọ́ lára fẹ́ńdà Land Rover, kò sí wàhálà, alumíníọ̀mù ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú sukurudíráfà, kí ẹ máa gún abẹ́ ṣaasí, pàápàá irin ìdábùú ẹ̀yìn tí ẹrẹ̀ máa ń jókòó lé. Inú ni ṣaasí ti ń jẹrà bọ̀ síta. Nígbà tí ihò bá fi máa yọ síta, inú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ìyẹ̀fun funfun tí ẹ rí níbi tí alumíníọ̀mù ti fara kan irin, omi ló wà láàárín àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù ló sì ń jẹrà. Ẹ má fi búrọ́ṣì onírin ha á o. Ẹ kun irin náà dáadáa, kí ẹ fi rọ́bà sáàárín wọn kí ẹ tó dè é padà.

2. Omi bátìrì kì í ṣe oògùn ìpẹtà. Ó ń wọ ibi tí páànù méjì ti gorí ara wọn, kò sí omi tó lè fọ̀ ọ́ kúrò níbẹ̀, yóò sì máa jẹ irin lọ lábẹ́ ọ̀dà tuntun.

3. Pọ́tì! Ibí gan-an ni owó ń bọ́ sọ́wọ́ odò. Ẹ ó rí ihò tó gba ọwọ́, wọ́n á ki ìwé ìròyìn àti nẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, wọ́n á wá rọ pọ́tì lé e. Pọ́tì ń fa omi mu. Ẹrẹ̀ tí táyà ń ta yóò máa kàn án láti ẹ̀yìn, etí irin tó yí i ká yóò máa jẹrà, títí gbogbo rẹ̀ á fi ṣí bí èèpo. Nígbà tẹ́ ẹ bá máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ihò náà á ti fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ gé irin tó jẹrà náà kúrò. Ẹ gé e kọjá ìpẹtà tó kẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, títí ẹ ó fi bá irin tó ń dán tí kò sì tíì fẹ́lẹ́. Páànù géèjì 18 tàbí 20 ni kí ẹ fi dí i, kí igun rẹ̀ rí róbótó. Ẹ fi wẹ́dìn jó o mọ́ra, ẹ gbo ó, ẹ kun púráímà ẹpọ́sì (ọ̀dà ìpìlẹ̀), kí pọ́tì tó wá tẹ̀ lé e, kó má sì nípọn ju mìlímítà 3 lọ. Giramu 2 háádénà (èròjà tó ń mú pọ́tì gan) ló tó fún giramu 100 pọ́tì. Àwọn tó ń kánjú máa ń fún un jù. Háádénà àpọ̀jù ló ń yọ àbàwọ́n sójú ọ̀dà funfun. Oòrùn ọ̀sán á tètè gan án, nítorí náà ìwọ̀nba tí ẹ lè lò tán ni kí ẹ pò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń da omi sí pọ́tì tí púráímà ò tíì bò, tí ẹ ń fi sáńpépà olómi gbo ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi! Omi yẹn ò lọ síbì kankan. Gbígbẹ ni kí ẹ gbo ó, sáńpépà 80 lẹ́yìn náà 180. Orí púráímà ni omi àti 320 wà fún.

Rẹ́dì ọ́sáìdì (ọ̀dà ìpìlẹ̀ pupa) nìkan náà kò lè dá òjò dúró.

Jíjó irin wá ńkọ́? Ẹlẹ́kítíródù géèjì 12 tí wọ́n fi ń jó gèètì yóò dá ihò sí páànù bọ́dì ni. MIG, ẹ̀rọ wẹ́dìn tó ń fi wáyà jó irin, ló yẹ é, wáyà 0.6 tàbí 0.8 mìlímítà. Ẹ máa fi kán ín-ín-ní kàn án, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 wà láàárín, ẹ ti ibí bọ́ sí òdìkejì, kí ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá jó o lọ gbọọrọ, bọ́dì á rún. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní «I better pass my neighbour» kò lè gbé ẹ̀rọ wẹ́dìn, ẹ má dán an wò.

Kí ẹ tó gé ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ẹ jó páìpù mọ́ ẹnu ọ̀nà náà ní ìdábùú, ẹ wọn igun sí igun, kí ẹ sì kọ́ ilẹ̀kùn síbẹ̀ wò kí ẹ tó jó o tán. Ẹ má gé apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Táǹkì epo Land Rover kúkúrú wà lábẹ́ ìjókòó. Ẹ yọ ọ́ jáde pátápátá. Ẹ tú bátìrì. Ẹ má fi oògùn tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì nu ibi tí ẹ fẹ́ jó, torí gáàsì olóró lè ti inú rẹ̀ jáde. Áńkáṣíìfù kì í ṣe ìbomú fún ọ̀dà oníháádénà.

Irin tí ẹ bá gbo lónìí, kí púráímà gùn ún lónìí. Ìkùukùu òwúrọ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n tó láti mú un dógùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹ má sì fi kóńdẹ̀mù ọ́ìlì (ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù) pa á kí ẹ tó kùn ún, nítorí ọ̀dà kò ní dì mọ́ ọn. Ẹ̀yìn tí ọ̀dà bá gbẹ ni kí ẹ fọ́n ìda sínú ṣaasí.

Ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ má fi pọ́tì dí i, ibẹ̀ lomi ń gbà jáde. Kí ẹ tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ da garawa omi kan sójú gíláàsì iwájú. Tí ilẹ̀ ẹsẹ̀ awakọ̀ bá tutù, ẹ tú rọ́bà gíláàsì náà, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló kàn.